Abọ́ Ọdún Ní Ìdérí

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún 25 ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa akọ̀wé sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ìṣirò owó la máa kà: iye tí a kó jọ, iye tí a yá ara wa, iye tó kù ní báǹkì. Akápò ti ka ìyẹn, ó sì wà nínú ìwé yìí fún ẹni tó bá fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn tiwa. Ọ̀rọ̀ oore ni, oore wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí èèyàn ń ṣe lásìkò ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé akọ̀wé ti di wòlíì o. Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ, ẹ ó sì rí i tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀.

OṢÙ DISẸ́ŃBÀ NÍNÚ ỌJÀ

Gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe máa ń rí tí Disẹ́ńbà bá ti wọlé. Láti ìdájí ni ẹsẹ̀ ò ti ní gbèrò mọ́. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó, èyí tó ń lọ Ìbàdàn àti èyí tó ń lọ Bẹ́nì, ìkòríta Ṣàgámù ni gbogbo wọn ń gbà, ẹni tó bá sì sọ̀kalẹ̀ á fẹ́ ra nǹkan lọ sílé. Ọjà á gbówó lórí. Oníbàárà tó bá gbọ́ iye ata á wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo jí owó rẹ̀. Àwa náà, oorun ò tó lójú wa. Ọkọ ń bèèrè nǹkan ọdún, ọmọ ń bèèrè aṣọ, ilé-ìwé sì ti kọ̀wé owó sáà tuntun ránṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ burúkú ti ń jáde lẹ́nu nìyẹn.

Àwa tí a ń kọ ẹ̀sùn sínú ìwé ẹgbẹ́ la mọ̀ ọ́n. Oṣù tí gbogbo ayé ń kọrin àlàáfíà, òun gan-an ni oṣù tí a ń parí ìjà jù lọ. Ẹnìkan ní wọ́n gba oníbàárà òun. Ẹnìkan ní wọ́n ti tábìlì òun sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní ẹni tó jẹ òun lówó ti ra aṣọ ọdún, kò sì rántí gbèsè. Bí ọdún bá sì ti kọjá tán ní Jánúárì, ojú á ti gbogbo wa.

ABỌ́ TÍ A Ń GBÉ NÍGBÀ ÈWE WA

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 50 ọdún bíi tiwa, ẹ rántí. Ní Rẹ́mọ níhìn-ín, bàbá á lọ mọ́sálásí, ìyá á lọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé kan náà ni wọ́n á ti jẹun alẹ́. Tí ọdún Kérésìmesì bá dé, iṣẹ́ àwa ọmọdé ni abọ́ gbígbé. Ìyá wa á bu ìrẹsì sínú àwo tánganran, á fi ẹran adìyẹ lé e, á dé e, á wá fi aṣọ tó mọ́ dì í. Wọ́n á ní, “Gbé e lọ fún Ìyá Súlè. Kúnlẹ̀ o. Kí o ní màmá mi ní ẹ kú ọdún. Má dúró gba nǹkan kan.” Abọ́ mẹ́fà, abọ́ méje, a ó gbé e káàkiri àdúgbò títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wá.

Tí Iléyá bá wá dé, àwọn abọ́ náà á máa bọ̀ sílé wa pẹ̀lú ẹran. Ilé mìíràn á gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ilé mìíràn á gbé ẹ̀bìrìpò. Kò sí ẹni tó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ilé tí a ń fò.

Ìyá opó kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa nígbà náà. Kò lágbo, kò ládìyẹ. Bí a bá gbé abọ́ lọ fún un, á fọ abọ́ náà kó mọ́ tónítóní, á sì fi ọsàn méjì sí i kó tó dá a padà. Ọsàn méjì péré. Ìyá wa á gba ọsàn yẹn bí ẹni gba màlúù. Wọ́n á dúpẹ́ sókè kí ìyá opó lè gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Nígbà èwe wa, a rò pé àṣejù ni. Ó di ìgbà tí a dàgbà kó tó yé wa pé ìyá wa kò fẹ́ kí ìyá opó jẹ́ ẹni tó ń gbà nìkan. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ń fúnni náà.

Ohun kejì tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé abọ́ yẹn ní ìdérí. Ẹni tó jókòó sí ìta tó ń wò wá bí a ṣe ń kọjá kò mọ̀ bóyá ìrẹsì púpọ̀ ló wà níbẹ̀ tàbí díẹ̀, kò mọ ẹni tí wọ́n fi ẹran sí tirẹ̀ jù. Ilé dé ilé la ń gbé e. A kì í ní kí Ìyá Súlè wá tò sí ẹnu ọ̀nà wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ DISẸ́ŃBÀ 2024

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó dùn wá. Kò sí ẹni tó máa gbàgbé oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2024. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin Méì 2023 ni ọkọ̀ ti gbówó lórí, tí owó oúnjẹ sì ń tẹ̀lé e. Àwa tí a ń tà á la mọ bí oníbàárà tó ń ra kóńgò ìrẹsì mẹ́rin ṣe bọ́ sí méjì, tó bọ́ sí ẹyọ kan, tó wá di pé ó ń bèèrè ìdajì kóńgò. Ebi wà nílùú. Àwọn aláàánú rí i, wọ́n sì fẹ́ ṣe nǹkan kan kí ọdún tó dé.

Ní Wednesday ọjọ́ 18, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí ìpàdé ọdún ní Islamic High School, Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn. Wọ́n ní wọ́n á fún wọn ní oúnjẹ àti ẹ̀bùn. Àwọn ìyá ti gbé ọmọ débẹ̀ láti ìdájí. Èrò pọ̀ ju ohun tí wọ́n múra sílẹ̀ fún lọ, ìtara àti ìtì-mí-n-tì-ọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 35 ló kú. Ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n o! Ní Saturday ọjọ́ 21, ọjọ́ kan náà, èèyàn 10 kú ní Abuja, ní ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Maitama níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ, èèyàn 22 sì kú ní Òkíjà ní Ìpínlẹ̀ Anambra níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ìrẹsì. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, èèyàn 67 ti bá oore lọ.

A kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹni tó fẹ́ fúnni ní oúnjẹ kì í gbèrò ikú fún ẹni tó fẹ́ fún. A kò sì lè bá ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ wí, nítorí ìyá tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ á gbé e lọ síbi tó bá ti gbóòórùn oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà níhìn-ín ni ì bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Nínú àwọn abọ́ tí a gbé nígbà èwe wa, ṣé a rí ibi tí ẹnì kan ti fara pa? Oore tó ń lọ bá èèyàn nílé kì í tẹ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Oore tó ń pe ẹgbẹ̀rún èèyàn kí wọ́n wá tò sẹ́nu géètì, tí oúnjẹ kò sì tó ẹgbẹ̀rún, ewu wà nínú rẹ̀, bí ọkàn ẹni tó ń ṣe é tilẹ̀ mọ́ bí omi.

ÀṢÌṢE TIWA NÁÀ

Kí ẹ má baà rò pé à ń tọ́ka sí ará Ìbàdàn àti ará Abuja, ẹ jẹ́ ká sọ ti inú ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ rántí ọdún tí a kọ́kọ́ pín ìrẹsì fún àwọn opó ọmọ ẹgbẹ́. A ta kánópì. A gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. A pe oníyàwòrán. Àwa akọ̀wé la mú ìwé orúkọ dání, àwa la ń fi ẹnu ara wa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: “Opó wa láti ìsọ̀ báyìí báyìí, ẹ jáde wá o!” Wọ́n á jáde, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á di àpò ìrẹsì kékeré mú, wọ́n á kọjú sí oníyàwòrán. A sì fi àwòrán náà sí ara pátákó ọ́fíìsì títí oṣù mẹ́ta.

Ọ̀kan nínú wọn kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ló ń mú owó ìfowópamọ́ wá. Oṣù kìíní, a ní bóyá ara rẹ̀ kò yá. Oṣù kejì, a ní bóyá ó rin ìrìn-àjò. Ní oṣù kẹta, àwa mẹ́ta lọ bá a nílé. Ó gbà wá dáadáa, ó fún wa lómi. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó bí i nínú, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, inú ò bí mi. Lóòótọ́ ni mo nílò ìrẹsì yẹn. Ebi ló ń pa mí nígbà náà, mi ò sí níhòòhò. Ìgbà tí mo délé tí ọ̀rẹ́ ọmọ mi ní òun rí àwòrán mi lọ́jà ni mo mọ̀ pé ẹ ti bọ́ mi láṣọ.”

A kò rí èsì fọ̀. Ṣé ẹ rí i, ìrẹsì náà dára, owó ẹgbẹ́ la fi rà á, kò sí ẹni tó jí i. Ṣùgbọ́n a ṣí ìdérí abọ́ níta gbangba. A bẹ̀ ẹ́, ó sì dárí jì wá, ó ti padà sí ìpàdé, ó wà láàárín wa níhìn-ín lónìí. A gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ní kí a sọ ọ́, kí a má dárúkọ òun. Ẹ má wo ẹ̀yìn, ẹ má wá a kiri o.

ÀWỌN TÓ TI ṢÁÁJÚ WA NÍ RẸ́MỌ

Ilẹ̀ Rẹ́mọ kò ṣaláìní àwòkọ́ṣe. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, oníṣòwò bíi tiwa. Wọ́n bí wọn ní ọjọ́ 25 oṣù Nọ̀fẹ́ńbà 1915, wọ́n sì wọ káà ilẹ̀ lọ ní Sẹpẹ́ńbà 2015, ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n pé 100 ọdún. Ọ̀pọ̀ ń rántí ọlá wọn. Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 1963. Ní oṣù Júláì ọdún náà, àkọ́bí wọn ọkùnrin kú nínú ìjàmbá ọkọ̀. Ní Sẹpẹ́ńbà, wọ́n rán ọkọ wọn lẹ́wọ̀n ọdún 10, wọn kò sì tú wọn sílẹ̀ títí di Ọ́gọ́ọ̀sì 1966. Kérésìmesì mẹ́ta gbáko ni bàbá kò fi sí nílé. Ẹ fojú inú wo ìyàwó àti ìyá náà nígbà tí àdúgbò ń yin bàǹgà, tí ìlù ń dún.

Kí la fẹ́ fi èyí sọ? Pé kì í ṣe ẹni tí kò lówó nìkan ni ọdún ń wọ̀ lára. Ẹni tó ṣọ̀fọ̀ láàárín ọdún, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun tí kò pè, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn OOUTH níhìn-ín ní Ṣàgámù, ọdún lè le fún irú wọn ju ẹni tí kò rí ìrẹsì sè lọ. Kò sí àpò ìrẹsì tó lè tán ìyẹn. Kí èèyàn lọ jókòó tì wọ́n ni.

Èkejì ni Tai Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bákan náà, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956. Ọkùnrin yìí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ mọ́sálásí, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àdúrà ọdún tuntun tiẹ̀ tí ó kọ sínú ìwé ìròyìn Daily Times ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1964 ya gbogbo ayé lẹ́nu, nítorí ó ní kí ọ̀nà àwọn èèyàn rí págunpàgun! A kò ní gbàdúrà yẹn fún ẹnikẹ́ni níhìn-ín o. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà ni ìjọba fi ṣe alága nígbà tí wọ́n dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989, báǹkì tó ń yá aláṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ òwò àti ìyá oníwọ̀nba ọjà lówó láìbéèrè ilé tàbí ilẹ̀ fún ìdúró. Ó mọ̀ pé oore tó dára jù ni èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn dìde dúró. Tí ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn kankan bá lè ro ti ìyá alátẹ, kí ni àwáwí àwa tí à ń gba ààwẹ̀, tí à ń jí ṣe àdúrà òru?

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n sọ ọ́. Ṣàgámù jẹ́ ìlú obì, àwọn ará Hausa sì ti ń bá wa ra obì ní Sábó kí a tó bí wa. Ní Júláì 1999, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín wa, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá ṣòfò, ó sì ran Kánò. Àwa tí a wà lọ́jà nígbà náà mọ bí ó ṣe pẹ́ tó kí ojú tó lè wo ojú. Ìjọba sọ tiwọn, àwọn ọba sọ tiwọn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwa obìnrin, ohun tó kọ́kọ́ padà ni abọ́. Ẹnìkan rántí pé ìyàwó oníbàárà òun ló ń gbé ẹran Iléyá fún òun lọ́dọọdún. Ó sè, ó dé e, ó rán ọmọ. Abọ́ náà kò padà lófìfo.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LỌ́DÚN YÌÍ

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ojú iṣẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ.

Èkíní, òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí kóńgò kún lásìkò ọdún. Ẹ má tẹ ìdí kóńgò wọnú. Ẹ fi èènì sí i fún ẹni tó bá ra kékeré, kì í ṣe fún ẹni tó ra odindi àpò nìkan. Ẹni tó ra ìdajì kóńgò ló nílò èènì jù.

Èkejì, gbèsè. A kò sọ pé kí ẹ má gba owó yín o, ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ ni wá! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dẹ́kun àṣà kí á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà olówó-ò-tó-o ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ká máa pariwo kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan ní Jánúárì. Ẹ rántí Fẹ́búárì 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí owó wà ní báǹkì tí a kò rí i gbà. Àwìn la fi jẹun, ojú tí a mọ̀ la fi tajà. Ọ̀pọ̀ ló san án. Bí a bá lè ṣe é nígbà yẹn, a lè fúnni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ alábàárù àti àwọn tó ń gbá ọjà. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹrù wa. Ẹ san owó wọn pé, ẹ má bá ọmọ tó gbé àpò iṣu lórí nájà títí ọrùn rẹ̀ á fi fẹ́ ṣẹ́. Ẹ fún un lómi tútù kó mu. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń gbẹ́rù fún wa láti ọdún méjì, “alábàárù” náà la ṣì ń pè é.

Ẹ̀kẹrin, ìsọ̀ tó ṣófo. Bí ìsọ̀ ẹnì kejì yín bá wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́ta lásìkò tí ọjà ń tà, ẹ má yọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ á bọ́ sọ́dọ̀ yín. Ẹ pè é lórí fóònù. Tí kò bá gbé e, ẹ lọ sílé rẹ̀. Kò sí oníṣòwò tó máa fi ojú ara rẹ̀ ti ìsọ̀ ní Disẹ́ńbà tí nǹkan kò ṣe é.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ ẹnu. “Ẹ jọ̀ọ́,” “ẹ máa bínú,” “ẹ kú ọdún.” Kò sí èyí tí wọ́n ń rà nínú wọn.

Ẹ̀kẹfà, abọ́. Kí olúkúlùkù wa gbé abọ́ kan péré fún ẹnì kan tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀. Kó dé e. Kó rán ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, kí ọwọ́ ọmọ náà lè mọ abọ́ gbígbé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìrẹsì àti adìyẹ. Ẹ̀bìrìpò náà dùn. Tí ẹni tí ẹ fún bá fi ọsàn méjì sí abọ́ yín, ẹ gbà á bí màlúù.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ FỌWỌ́ SÍ

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní gbogbo àgbáyé ní ìlànà méje tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1995. Ìkeje nínú rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ máa bójú tó àwùjọ tó wà ní àyíká rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe àṣeyọrí ìfowópamọ́ nìkan la fi ń mọ ẹgbẹ́ tó dára. Ṣùgbọ́n owó ìfowópamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe owó oore. Owó olówó ni. Àpò àánú tí a fọwọ́ sí ní ìpàdé gbogbogbòò nìkan ni a lè fọwọ́ kàn, a kò sì ní kọjá rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀ tí ẹ máa dìbò lé lórí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé kí á má ta kánópì pín ìrẹsì mọ́, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Owó kánópì, owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti owó oníyàwòrán, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú oúnjẹ. Èkejì ni pé kí orúkọ àwọn tí a máa ràn lọ́wọ́ wà lọ́wọ́ èèyàn méjì péré, ìyá kan nínú àwọn àgbà àti akápò. Àwa akọ̀wé kò sí níbẹ̀, nítorí ẹ mọ ẹnu wa. Àwọn méjì yìí ló máa rí i pé ó délé lálẹ́, láìsí àwòrán. Kí àkáǹtì lè mọ́, ayẹ̀wéwò máa rí iye owó, kò ní rí orúkọ. Ẹ̀kẹta ni pé kí á fagi lé owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ san owó ẹ̀yáwó láàárín ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Disẹ́ńbà àti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní Jánúárì. Owó gan-an wà níbẹ̀ o, kò parẹ́. Owó ìtanràn nìkan la ń sọ.

Ẹlòmíràn á ní, bí a kò bá ya àwòrán, báwo ni ayé ṣe máa mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ń ṣe dáadáa? Ìbéèrè gidi ni. Èsì wa ni pé ẹni tó jẹun mọ̀. Ọmọ tó gbé abọ́ mọ̀. Ọlọ́run mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí òkè òkun tí ẹ wá bá wa ṣọdún, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá nìkan ni èyí. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ dára. Kí ẹ pe ìyá yín lórí fóònù, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó ní ẹ fẹ́ sáré, ìyẹn náà dára. Tí ẹ bá wà nílé lọ́jọ́ ọdún, ẹ dìde lórí àga, ẹ gbé abọ́.

Kí a tó jókòó, a fẹ́ kí gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀, kí a rántí àwọn ọmọ Ìbàdàn, àwọn tó kú ní Abuja àti ní Òkíjà, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ti sùn láti ọdún 25 wá.

 Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ìjàmbá ní ojú pópó wa lásìkò ọdún yìí. Kí ó má jẹ́ kí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni ṣófo. Ẹni tó ń gbé abọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má rẹ̀. Ẹni tó ń gba abọ́, kí ó ní ọsàn tí yóò fi dá a padà. Ọdún á yabo fún wa o. Ire ni tiwa, tọmọtọmọ, tọkọtaya. Àmín, àṣẹ.